Iṣẹ́ Títì Láàárín Ìgboro Ìlọrin: Bí A Ṣe Ń Dáàbò Bo Ẹni Tó Ń Kọjá, Títí Dé Orí Ojú Irin Tíráàmù

Títì tí wọ́n ń ṣe kò kúrò ní títì. Ọmọ iléèwé á ṣì gba ibẹ̀ kọjá láago méje àárọ̀, ìyá onímọ́ínmọ́ín á ṣì gbé igbá rẹ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, aláboyún á ṣì gba ibẹ̀ lọ sí ọsibítù, ọlọ́kadà á sì wá ibi tóóró tó máa gbà wọlé. Katakata àti típà ni gbogbo ènìyàn máa ń wò, nítorí ariwo wọn. Èyí tó yẹ ká bẹ̀rù jù wọ́n lọ kì í pariwo: kòtò tí wọ́n gbẹ́ lọ́sàn-án, tí wọ́n fi sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ láìbò, láìtan iná sí i, tí kálukú sì ti gba ilé rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ìbéèrè kan ló wà nídìí gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí: láago mẹ́jọ alẹ́, tí iná ọba ò sí, kí ni ẹni tó ń bọ̀ máa rí?

Agbaṣẹ́ṣe àti ẹnjiníà ìjọba ìbílẹ̀ la kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, àti ẹgbẹ́ àdúgbò àti Mọ́gàjí tó fẹ́ mọ ohun tó yẹ kó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wá gbẹ́ ilẹ̀ níwájú ilé wọn. Ó wúlò fún ọ̀dà, fún gọ́tà, fún páìpù omi. Apá tó kẹ́yìn dá lórí tíráàmù, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin tó ń bá mọ́tò rìn lórí títì kan náà, nítorí pé iṣẹ́ títì tó le jù lọ nínú ìgboro ni.

Ẹ kọ́kọ́ ka ẹni tó ń kọjá

Kí ẹ̀rọ kankan tó dé, ẹ fi ọjọ́ méjì ka àwọn tó ń lo títì náà: ọjọ́ iṣẹ́ kan àti ọjọ́ Jímọ̀ kan, láti aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ títí di aago mẹ́jọ alẹ́. Ẹ kọ iye ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn sílẹ̀, iye ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ Maruwa, takisí àti ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹ kọ ibi tí àwọn ènìyàn ti ń sọdá gan-an, kì í ṣe ibi tí àwòrán ẹnjiníà ní kí wọ́n ti sọdá.

Ọjọ́ Jímọ̀ ò ṣeé fojú fò ní Ìlọrin. Láti nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán títí di aago mẹ́ta, agbègbè Ọjà Ọba àti mọ́ṣáláṣí ńlá máa ń kún fọ́fọ́. Ẹni tó bá dín títì kù ní àkókò yẹn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti èrò sínú iṣẹ́. Lóṣù Ramadan, gbogbo ọkọ̀ ló ń sáré délé kí àkókò ìṣínu tó tó, lẹ́yìn náà ni àwọn ènìyàn tún ń fẹsẹ̀ rìn lọ kírun Àṣámù nínú òkùnkùn, tàgbà tèwe. Ní Tanke, ti akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì ni kí ẹ rò. Ní Ìpàtà, ti ọkọ̀ tó ń já ọjà sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Ọ̀ffà tàbí Òmù-Àrán lọ́jọ́ ọjà: wákàtí tí títì bá kún kì í ṣe wákàtí tí a ń gbẹ́ ilẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ bá Mọ́gàjí, Ìmáàmù, olùṣọ́ àgùntàn, Ìyálọ́jà, àti alága àwọn ọlọ́kadà àti oníkẹ̀kẹ́. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ṣáájú ni kí ìkéde àkọ́kọ́ jáde, kí èkejì tẹ̀ lé e ní ọjọ́ méjì sí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìkéde tó wúlò máa ń dárúkọ ilé tí iṣẹ́ ti máa bẹ̀rẹ̀ àti ilé tó máa dé, apá ibi tí wọ́n máa gbẹ́, iye ọjọ́, àti nọ́ńbà ẹni tó máa gbé fóònù lóru. "Ẹ máa mú sùúrù fún wa" kì í ṣe ìkéde. Ẹni tí a bá sọ fún á tètè gbé ọkọ̀ rẹ̀ jáde kúrò lágbàlá. Ẹni tí a kò sọ fún á wa ọkọ̀ gorí yẹ̀pẹ̀ láàjìn.

Ní ti ìgbà: oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni kí ẹ fi gbẹ́ kòtò jíjìn. Lẹ́yìn ìyẹn, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀, títí wọ oṣù kẹwàá. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn náà ní tirẹ̀: ọyẹ́ àti eruku máa ń bo ojú dírẹ́bà láàárọ̀, nítorí náà kí táńkà omi máa wọ́n títì ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ó wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀. Bí omi bá pọ̀ jù, yẹ̀pẹ̀ pupa á di ẹrẹ̀, ọ̀kadà á sì máa yọ̀ ṣubú.

Kí ló wà nísàlẹ̀?

Ẹ kọ̀wé sí IBEDC, iléeṣẹ́ tó ń pín iná, nípa wáyà iná, sí iléeṣẹ́ omi ìpínlẹ̀ nípa páìpù, àti sí àwọn iléeṣẹ́ fóònù nípa okùn wọn. Àwòrán tí wọ́n bá fún yín kò tó láti gbọ́kàn lé, nítorí pé títì tí wọ́n ti fẹ̀ tàbí tí wọ́n ti gbé sókè máa ń jẹ́ kí ìwọ̀n inú àwòrán ṣì. Ẹ fi ọwọ́ gbẹ́ ihò àyẹ̀wò: kó jìn tó mítà kan, kó gba ọ̀nà kọjá lórí ibi tí kòtò máa gbà, ọ̀kan ní gbogbo mítà 20, àti ní gbogbo orígun títì. Wáyà inú ilẹ̀ sábà máa ń wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 60 sí 100. Tí ẹ bá ti rí rìbọ́ọ̀nù aláwọ̀ nínú yẹ̀pẹ̀, tàbí iyanrìn mímọ́ níbi tí kò yẹ kó wà, ẹ dá ẹ̀rọ dúró. Ẹni tó gbé wáyà sílẹ̀ ló fi iyanrìn yẹn bò ó. Láti ibẹ̀, ṣọ́bìrì nìkan ni kí ẹ lò, kì í ṣe dígà, títí ẹ ó fi rí ara wáyà tàbí páìpù náà.

Ti òkè náà wà. Ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀ tó na ọwọ́, tàbí típà tó gbé agbada rẹ̀ sókè láti da òkúta, lè kan wáyà iná 11 kV (ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá fóólítì) tó kọjá lórí títì. Kí ohunkóhun má sún mọ́ ọn tó mítà mẹ́ta. Ẹ ri òpó méjì mọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì ṣáájú wáyà náà, kí ẹ so okùn aláwọ̀ mọ́ wọn ní ìwọ̀n gíga tí ẹ̀rọ ò gbọdọ̀ kọjá. Bí ó bá ti kan án pẹ́nrẹ́n, kí awakọ̀ jókòó síbi tó wà, kí ó sì kígbe kí gbogbo ènìyàn sún sẹ́yìn tó mítà mẹ́wàá. Tí iná bá ti ń jó ẹ̀rọ náà, kí ó fò sílẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, láìfi ọwọ́ kan ẹ̀rọ bí ẹsẹ̀ bá ti balẹ̀, kí ó sì máa fi ẹsẹ̀ méjèèjì tó so pọ̀ ta lọ. Bí ó bá la ẹsẹ̀ gbàrà, iná inú ilẹ̀ lè gba ẹsẹ̀ kan wọlé kó gba èkejì jáde.

Bí a ṣe ń dín títì kù

Níbí ni ìṣirò ti wọlé, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń kùnà. Wọ́n á to búlọ́ọ̀kù mẹ́ta sójú títì lójijì, wọ́n á fi ẹ̀ka igi há a láàárín, ó tán. Ewé tútù yẹn, gbogbo wa la mọ ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án: ọkọ̀ kan ti bàjẹ́ níwájú. Lóru, ewé kì í dán. Búlọ́ọ̀kù sì burú ju ewé lọ, nítorí pé ọlọ́kadà tó bá kọlù ú ló máa fò, búlọ́ọ̀kù ò ní kúrò níbẹ̀.

Eré tí òfin gba mọ́tò kékeré láyè láti sá láàárín ìlú ni kìlómítà 50 ní wákàtí kan. Ẹ jẹ́ ká fi ṣírò. Láti ìgbà tí ojú bá ti rí nǹkan títí ẹsẹ̀ fi máa kan bíréèkì, ó tó ìṣẹ́jú àáyá kan àtààbọ̀; ọkọ̀ ti lọ mítà 21. Kó tó dúró pátápátá lórí ọ̀dà gbígbẹ, á tún lọ bíi mítà 14. Mítà 35 nìyẹn, pẹ̀lú bíréèkì àti táyà tó dára. Ní kìlómítà 30, gbogbo rẹ̀ kò ju mítà 18 lọ. Ìdí nìyẹn tí ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa ṣe fi jẹ́ láti mú eré wálẹ̀ sí 30 kí ọkọ̀ tó rí kóònù kankan, ìyẹn ohun onírọ́bà ṣóńṣó tí a ń tò sójú títì.

Báyìí ni kí ẹ tò ó, láti ọ̀nà jíjìn wá:

1. Pátákó àkọ́kọ́, "Iṣẹ́ Ń Lọ Níwájú", ní nǹkan bí mítà 90 sí ibi tí kóònù ti bẹ̀rẹ̀. Èkejì, tó ń sọ eré 30, ní mítà 60. Ẹ̀kẹta, tó fi hàn pé títì máa dín, ní mítà 30. Kí lẹ́tà tóbi, kí pátákó jẹ́ irú tó ń dán tí iná mọ́tò bá kàn án. Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ fi kọ ọ́. Ní Gambari, ẹ fi Hausa kún un.

2. Kóònù tó ń darí ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀nà kan sí òmíràn. Gígùn rẹ̀ ní ìṣirò: ẹ mú eré, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà ara rẹ̀, ẹ fi fífẹ̀ ibi tí ẹ máa gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ sọ èyí di púpọ̀, ẹ wá pín in sí 155. Tí fífẹ̀ bá jẹ́ mítà 3.5, tí eré sì jẹ́ 50, ó di mítà 56. Tí ẹ bá ti mú eré wálẹ̀ sí 30 lóòótọ́, mítà 20 ti tó. Ẹ wo bí títì ìgboro ṣe há: mítà 56 kò sí lọ́pọ̀ ibi ní títì Taiwo, ṣùgbọ́n mítà 20 wà.

3. Àlàfo láàárín kóònù kan sí èkejì kò gbọdọ̀ ju mítà mẹ́ta lọ nínú ìgboro wa. Àwọn ìwé ilẹ̀ òkèèrè gba jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n mọ́tò ni wọ́n fi ń ṣírò. Ọ̀kadà á gba àlàfo mítà mẹ́sàn-án kọjá láìyí orí padà. Kí kóònù ga tó sẹ̀ǹtímítà 70, kí ó ní àmùrè funfun tó ń dán. Tí kóònù ò bá sí, ẹ lo dírọ́ọ̀mù onírọ́bà tí a kun ní funfun àti pupa, kí ẹ da iyanrìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e. Dírọ́ọ̀mù onírin tó kún fún kànkéré kò yàtọ̀ sí búlọ́ọ̀kù.

4. Àyè òfìfo láàárín kóònù tó kẹ́yìn àti òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́, ó kéré tán mítà 18. A kì í to yẹ̀pẹ̀ síbẹ̀, a kì í gbé mọ́tò ọ̀gá síbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ já máa dúró sí dípò kó dé ara ènìyàn.

Bí ojú ọ̀nà kan ṣoṣo bá kù fún àwọn tó ń lọ àtàwọn tó ń bọ̀, ẹni méjì ló máa darí rẹ̀ pẹ̀lú pátákó DÚRÓ àti MÁA LỌ, ọ̀kan ní orí kọ̀ọ̀kan. Kí gígùn rẹ̀ má ju mítà 100 lọ, kí àwọn méjèèjì lè máa rí ara wọn. Ọkọ̀ tó ń lọ ní kìlómítà 20 máa ń lo ìṣẹ́jú àáyá 18 láti kọjá mítà 100. Ní mítà 300, ó di 54, kẹ̀kẹ́ Maruwa tó ń dúró á sì ti gbéra kí ìṣẹ́jú náà tó pé. Gígùn ọ̀nà ló ń bí àìnísùúrù yẹn. Níbi tí kọ́nà kò bá jẹ́ kí wọ́n rí ara wọn, ẹ fún dírẹ́bà tó kẹ́yìn ní igi pupa kan kó gbé e fún ẹni tó wà lápá kejì. Ẹni yẹn ò ní sọ pé MÁA LỌ títí igi yóò fi dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ àwọn tó ń darí ní wákàtí méjì méjì. Oòrùn Ìlọrin nínú oṣù kẹta máa ń mú kí ènìyàn tòògbé lórí ìdúró. Tí títì bá jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ tàbí tó bá jẹ́ ibi tí ọkọ̀ pọ̀ gan-an bíi Gáréèjì Ọ̀ffà, ẹ pe FRSC (ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ìjọba àpapọ̀) àti KWARTMA (iléeṣẹ́ tó ń darí ọkọ̀ ní ìpínlẹ̀ Kwara) sí ìpàdé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí ọ̀nà ti dí.

Kòtò

Yẹ̀pẹ̀ pupa agbègbè wa máa ń tan ènìyàn jẹ. Tó bá gbẹ, ó máa ń dúró gbọọrọ bí ògiri, ẹni tó wà nínú kòtò á sì máa rò pé kò séwu. Bí òjò kan bá ti rọ̀ sí i, tàbí tí típà bá kọjá lẹ́bàá rẹ̀, á ya lulẹ̀ láìṣe ìkìlọ̀. Kúbíìkì mítà yẹ̀pẹ̀ kan wúwo ju tọ́ọ̀nù kan àtààbọ̀ lọ, bíi mọ́tò kékeré kan. Ẹni tó bá bò mọ́lẹ̀ dé àyà, orí rẹ̀ lè wà níta kó má sì lè mí, nítorí pé gbogbo ìgbà tó bá mí jáde ni yẹ̀pẹ̀ ń fún un sí i.

Kòtò tó bá ti jìn tó mítà 1.5, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ láìfi pákó àti igi tẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tàbí láìjẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́. Fún yẹ̀pẹ̀ tó le, ẹ jẹ́ kó tẹ̀ ní mítà kan sí ẹ̀gbẹ́ fún mítà kan tó jìn. Fún iyanrìn tàbí ilẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ́ rí, mítà kan àtààbọ̀. Nínú ìgboro, ilẹ̀ tí a ti gbẹ́ rí ló pọ̀ jù, nítorí àwọn páìpù àtijọ́. Níbi tí ilé kò jẹ́ kí àyè wà, pákó ni ẹ máa lò. Láti mítà 1.2, àkàbà gbọdọ̀ wà nínú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sí òṣìṣẹ́ tó máa rìn ju mítà méje àtààbọ̀ lọ kó tó dé ibi àkàbà. Yẹ̀pẹ̀ tí ẹ hú, ẹ dà á síbi tó jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 60 sí etí kòtò. Tó bá wà létí gan-an, ìwúwo rẹ̀ ló ń ti ògiri lulẹ̀, òkúta inú rẹ̀ sì ń já bọ́ lé orí ẹni tó wà nísàlẹ̀. Láàárọ̀ àti lẹ́yìn òjò, ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ ló máa kọ́kọ́ yẹ ẹ̀gbẹ́ kòtò wò. Bí ó bá rí ìlà tó là lórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò, kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́.

Bí yẹ̀pẹ̀ bá ya bo ènìyàn, ohun tí ọkàn máa sọ ni kí ẹ fò wọlé lọ fà á jáde. Ẹ má ṣe é. Ògiri tó kù ló máa ń ya tẹ̀ lé e. Ẹ lé àwọn ènìyàn àti ẹ̀rọ kúrò, ẹ pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì, ẹ fi pákó gbé ògiri dúró, lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi ọwọ́ àti ṣọ́bìrì hú u láti ibi orí àti àyà. Ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀.

Ìlànà tí a fẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ àdúgbò di mú ṣinṣin ni èyí: apá kan ṣoṣo, mítà 50 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí wọ́n má gbẹ́ gọ́tà lápá méjèèjì pọ̀, kí wọ́n má sì ṣí mítà 50 mìíràn títí èyí tó wà nílẹ̀ yóò fi di èyí tí a bò. Agbaṣẹ́ṣe á sọ pé ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀ tí òun yá ń jẹ owó lójúmọ́, òun fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́ta gbẹ́ gbogbo rẹ̀ kí òun dá a padà. Òótọ́ ló sọ nípa owó ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n kòtò tó ṣí sílẹ̀ fún oṣù méjì ń ya, òjò ń kún un, wọ́n á tún un gbẹ́, owó tí wọ́n rò pé wọ́n fi pamọ́ á tún jáde. Kòtò tí omi kún ló burú jù lójú wa, nítorí pé ọmọdé ò lè mọ̀ bóyá ó dé orúnkún tàbí ó bo orí. Ẹ fa omi rẹ̀ jáde lọ́jọ́ náà gan-an.

Nígbà tí ẹ bá ń bò ó padà, kí yẹ̀pẹ̀ wọlé ní ìpele sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ fi ẹ̀rọ tẹ ìpele kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá da gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́ẹ̀kan náà tó wá gun orí rẹ̀ pẹ̀lú táyà típà, òkè nìkan ló tẹ̀. Òjò kejì tàbí ẹ̀kẹta á gbé e wálẹ̀, ọ̀dà tuntun á sì rì.

Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀

Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn kì í gba ọ̀nà jíjìn nítorí pátákó. Tí ẹ ò bá ṣe ọ̀nà fún un, á bá mọ́tò rìn. Kí ọ̀nà náà fẹ̀ tó mítà 1.2, kó tó 1.5 níbi tí aláàárù àti ẹni tó ru igbá ti ń pàdé. Kó tẹ́jú. Láàárín rẹ̀ àti kòtò, odi tó ga tó mítà kan, tó ní pákó méjì: ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀ nítòsí ilẹ̀, kí ọ̀pá afọ́jú lè kàn án, kí ọmọdé má sì yọ gba abẹ́ rẹ̀. Rìbọ́ọ̀nù pupa-àti-funfun tí wọ́n ń ta sórí igi kì í ṣe odi. Kò lè gba ènìyàn dúró.

Ilé kọ̀ọ̀kan gbọdọ̀ ní afárá kí wọ́n tó gbẹ́ iwájú rẹ̀, kì í ṣe lọ́jọ́ kejì. Pákó kan ṣoṣo tí ń mì jìgìjìgì lórí gọ́tà jíjìn, tí ìyá arúgbó ń dì mọ́ ògiri láti kọjá lórí rẹ̀, ìtìjú ńlá ni fún ẹnikẹ́ni tó pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà. Kí afárá fẹ̀ tó mítà 1.2, kí ó ní ọwọ́ ìdìmú lápá méjèèjì, kí ẹ kan ọ̀pá igi tẹ́ẹ́rẹ́ sórí pákó kí ẹsẹ̀ má yọ̀. Fún mọ́tò, irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó mílímítà 25, kí etí rẹ̀ gorí ilẹ̀ líle tó sẹ̀ǹtímítà 30 lápá kọ̀ọ̀kan, ká sì kàn án mọ́lẹ̀. Irin tí kò bá kàn mọ́lẹ̀ máa ń sún díẹ̀díẹ̀, títí etí kan á fi já sínú kòtò.

Ẹ̀rọ, olóúnjẹ àti ọ̀dà gbígbóná

Awakọ̀ ẹ̀rọ ńlá kì í rí ẹ̀yìn rẹ̀. Típà ò gbọdọ̀ rìn sẹ́yìn láìsí ẹnì kan tó dúró níbi tí awakọ̀ ti ń rí i nínú díńgí. Bí awakọ̀ ò bá rí i mọ́, kó dúró. Àwọn tó ń ta oúnjẹ àti píọ̀ wọ́tà á wá, nítorí ebi ń pa òṣìṣẹ́. Ẹ má lé wọn, ẹ yan ibì kan fún wọn lẹ́yìn odi kí òṣìṣẹ́ máa lọ bá wọn. Lílé wọn ló ń mú kí wọ́n máa yọ́ wọ àárín ẹ̀rọ.

Ọ̀dà máa ń dé ní nǹkan bí ìwọ̀n ooru 150 lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Tó bá ta sí ẹnikẹ́ni lára, ẹ da omi tútù lé e fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ má ṣí ọ̀dà náà kúrò nítorí awọ ara á bá a lọ, ẹ má fi epo tàbí kẹrosíìnì nù ún. Ọsibítù ló kàn.

Àyẹ̀wò aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́

Kí ẹnì kan pàtó, tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, fẹsẹ̀ rin gbogbo ibi iṣẹ́ kí òṣìṣẹ́ tó lọ. Ó ń wò bóyá kòtò tí kò parí ti ní odi yíká, bóyá irin wà lórí àwọn tí ọkọ̀ máa gbà, bóyá yẹ̀pẹ̀ àti òkúta ti kúrò lójú ọ̀nà, bóyá kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ olùṣọ́. Ó ń tan iná: fìtílà sólà tó ń ṣẹ́jú, ọ̀kan ní gbogbo mítà mẹ́wàá àti ọ̀kan ní orígun kọ̀ọ̀kan. Wọ́n máa ń jí i. Ẹ fi wáyà dì í mọ́ dírọ́ọ̀mù, kí ẹ sì ní mẹ́wàá sí ìpamọ́.

Láago mẹ́jọ alẹ́, kí ẹni náà tún padà wá lórí ọ̀kadà, láti apá méjèèjì. Ohun tí kò bá rí láti orí ọ̀kadà, ẹlòmíràn náà ò ní rí i. Nọ́ńbà FRSC, 122, àti nọ́ńbà pàjáwìrì, 112, gbọdọ̀ wà lára pátákó tí olùṣọ́ jókòó tì.

Tí ó bá jẹ́ ojú irin tíráàmù

Ojú irin kò ṣàjèjì sí Ìlọrin àti Ọ̀ffà. Gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń dúró de rélùwéè kọjá. Tíráàmù yàtọ̀, nítorí pé kò ní ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Èkó ti ní ọ̀kan tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ láàárín 1902 sí 1933. Casablanca ní Mòrókò bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, tó ń lo iná, ní oṣù kejìlá 2012. Ìlú tó bá fẹ́ gbé e sórí títì bíi Murtala Mohammed Way, ohun tó máa ṣe gùn ju títì lásán lọ, ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀ sì ṣe pàtàkì.

Páìpù àti wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ kó kúrò lábẹ́ ibi tí irin máa gbà, ní gbogbo fífẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn tí kànkéré bá ti bo irin, páìpù tó bá bẹ́ nísàlẹ̀ kò ṣeé tún ṣe láìdá ọkọ̀ dúró. Ìṣòro mìíràn tún wà tí ojú ò rí: iná tó ń wa tíráàmù, láàárín 600 sí 750 fóólítì, ń gba irin padà. Tí irin ò bá ní rọ́bà tó yí i ká dáadáa, díẹ̀ nínú iná yẹn á gba inú ilẹ̀, á gun orí páìpù onírin, á sì máa jẹ páìpù náà níbi tó bá ti jáde. Ẹ wọn bí iná ṣe ń jáde kí ẹ tó da kànkéré lé irin.

Irin ojú títì ní ihò tóóró tí etí táyà onírin tíráàmù ń gbà, ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin. Táyà bàísíkù máa ń wọnú rẹ̀. Táyà ọ̀kadà fẹ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n irin tí òjò rọ̀ sí máa ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ẹ kọ́ ọlọ́kadà kí ọkọ̀ tó dé: kó gba orí irin kọjá ní ìbú, kì í ṣe ní gbọọrọ, kó má sì tẹ bíréèkì nígbà tí táyà wà lórí irin. Ní kọ́nà tí irin ti ń yí, ẹ ya ọ̀nà tó máa mú kó sọdá ní ìbú bẹ́ẹ̀.

Tíráàmù kò lè yà. Tó bá ń lọ ní kìlómítà 50, bíréèkì ojoojúmọ́ rẹ̀ máa ń gba nǹkan bí mítà 80 kó tó dúró. Pẹ̀lú bíréèkì pàjáwìrì tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì di irin mú, ó ṣì máa gba bíi 36 láìka àkókò tí awakọ̀ fi ronú. Orí àti ìdí rẹ̀ sì máa ń yọ síta ní kọ́nà. Ẹ fi ọ̀dà kun ìlà ibi tí ara rẹ̀ máa dé sórí títì, kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé tábìlì ọjà síbẹ̀.

Ọkọ̀ tuntun lè má bá títì àtijọ́ mu pàápàá níbi tí wọ́n ti ní tíráàmù tipẹ́. Ní Toronto, ní Kánádà, nígbà tí ọkọ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 2014, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 30, nǹkan bí ìlọ́po méjì èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ṣe é kó lè máa gba ọ̀nà mìíràn fa iná láti orí wáyà òkè. Wọ́n ní láti tún wáyà ṣe lójú ọ̀nà rẹ̀. Nítorí náà, ẹ yan irú ọkọ̀ kí ẹ tó da kànkéré ibùdókọ̀.

Ìdánwò ló kẹ́yìn. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, kí ọkọ̀ máa lọ bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, kí òṣìṣẹ́ méjì rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá tí a fi fómù wé, kí wọ́n máa wo ọ̀pá iná, igi, òrùlé ṣọ́ọ̀bù àti gbogbo ohun tó lè kàn án. Lẹ́yìn náà, ní eré tó yẹ kó sá, ṣùgbọ́n lóru. Lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án láìkó èrò, fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, títí kan ọjọ́ Jímọ̀ mẹ́rin ó kéré tán, pẹ̀lú ẹni tó wọ ẹ̀wù tó ń dán ní gbogbo ibi tí àwọn ènìyàn ti ń sọdá. Gbogbo ìgbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì pàjáwìrì, kí ó kọ ibi náà àti wákàtí náà sílẹ̀. Níbi tó bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, títì ni kí ẹ tún ṣe níbẹ̀ kí èrò tó wọkọ̀.